Ẹ̀bẹ̀ Ẹ̀ẹ̀kẹta Tí Fusae Ń Retí

Ní abúlé tí Fusae Togashi ń gbé, ní agbègbè Shonai, èèyàn kì í gba ẹ̀bùn ní wàràwàrà. Bí aládùúgbò bá gbé kábéèjì wá, wàá ní ó ti pọ̀ jù, kó gbé e fún ẹlòmíràn. Yóò tún nà án sí ọ, wàá tún kọ̀. Ìgbà tó bá bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni wàá tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, tí wàá tẹrí ba. Ẹni tó bá tètè gbà á, olójúkòkòrò ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Fusae kọ́ ọ. Kò yà kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà rí, títí ó fi di opó tó ń dá gbé, tó ń bó èso kákì, tó ń so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé kó lè gbẹ.

Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti forúkọ sílẹ̀ láti gba kíndìnrín ẹni tó kú, tí ẹbí rẹ̀ sì yọ̀ǹda. Owó kò lè tì ọ́ síwájú níbẹ̀, ojúlùmọ̀ kò sì lè fà ọ́. Bí ara rẹ bá bá ti olóògbé mu, tí o ń gbé nítòsí, tí o sì ti dúró pẹ́, á kàn ọ́.

Bàbá Iwase, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, máa ń dápàárá pé, "Fusae, ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́, má wẹ̀yìn wò mí o. Èmi àti ẹ̀rọ yìí ti di tọkọtaya."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ìkórè, fóònù dún. Fusae nu omi èso kúrò lọ́wọ́, ó gbé e. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì tó ń pín kíndìnrín ni.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Kíndìnrín kan ti wà. Ẹ̀yin ló kàn. Ṣé ẹ máa gbà á?"

Ohun tó ti mọ́ ẹnu Fusae lára ni ẹnu rẹ̀ sọ. "Èmi kẹ̀? Ó ti pọ̀ jù fún irú mi. Àwọn tí ìyà ń jẹ jù mí lọ á wà. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn."

"Mà, ṣé ẹ kò fẹ́ ni?"

"Ojú ló ń tì mí. Ẹ wo ọjọ́ orí mi. Ọ̀dọ́ kan á wà tó tọ́ sí jù."

"Ó yé mi, mà. Wọn kò gbà wá láyè láti rọ ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n pe ẹni tó tẹ̀ lé yín?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fusae ti kọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù.

"Bí ẹ bá rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀," ó wí pẹ̀lẹ́, ó sì ń dúró.

"Ẹ ṣeun, mà. Orúkọ yín ṣì wà nílẹ̀."

Fóònù ti kú. Fusae gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ, bóyá yóò tún dún. Ó bó èso tó kù, ó so wọ́n rọ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ pè padà, ẹni tó tẹ̀ lé e ti gbà á.

"Kò burú," ni Fusae wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Kò sunkún. Ara rẹ̀ kàn kú tipiri.

Ní ilé ìwòsàn, ó sọ ọ́ fún Bàbá Iwase. Baba náà wo àjà títí.

"Ta ló kọ́ ọ báyẹn?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá tèmi náà kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Òmùgọ̀ ni ìwọ, Fusae. Èmi náà ì bá kọ̀ bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ti abẹ́rẹ́ bọ Fusae lápá. Kò mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ishiguro tó ń gbé ní ilé kejì gbé kábéèjì wá. "Kò fi bẹ́ẹ̀ dára o. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ díẹ̀."

Fusae na ọwọ́ méjèèjì, ó dì í mú. "Ẹ ṣé, mà."

Màmá Ishiguro kò fi í sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjèèjì di kábéèjì náà mú lẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ àwọn èso tó ń gbẹ.

"Fusae, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá, mà," ni Fusae dáhùn. Òun náà kò fi í sílẹ̀.