Ayínrẹ́ Tó Wó Sí Ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ọdún kan lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni ìyàwó mi náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kò tíì pé oṣù kan nílé tó fi sọ pé òun ò lè máa jókòó wo ojú mi láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun mọ ààrò ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Lálúpọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì. Igi ni ààrò náà ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ìjẹta. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo wá di ẹni tó ń wá igi ìdáná kiri.

Ní àsìkò òjò àrọ̀kúrò, ọkọ̀ tó ń gbé igi wá fún wa láti oko kì í ráyè kọjá nínú ẹrẹ̀. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni a wà nígbà tí ìjì kan jà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì wó igi ayínrẹ́ àtijọ́ tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ sí orí pápá tí a máa ń ta àtíbàbà sí lọ́jọ́ Ìkórè, Ìkórè ọ̀hún sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn onígẹdú wá wò ó, wọ́n ní igi náà ti lọ́ jù, kò ṣeé là sí pákó, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìjọ pé kí ni ká ṣe. Mo rò ó pé búrẹ́dì oṣù mẹ́fà ló sùn sílẹ̀ yẹn. Mo dìde, mo ní kí wọ́n fi igi náà sílẹ̀ fún mi, èmi fúnra mi yóò gé e, màá sì kó o kúrò kí Ìkórè tó dé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyàwó mi ò pàtẹ́wọ́. Ìwé orin ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, bẹ́ẹ̀ a ti kọrin tán.

Mi ò ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, mi ò sì lo irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Mo mú téèpù tí aránṣọ fi ń wọn ara, mo wọn ìtì igi náà yí po, ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ínṣì. Mo pín in, mo rí i pé bí a bá là á kọjá láàárín, ìbú rẹ̀ yóò tó ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Ọkàn mi balẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ẹni tó ń ta ayùn náà jẹ́ ọkùnrin kan tó fara balẹ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì kan tó níwọ̀n jáde fún mi. Irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń sáré yí ká, èyí tí wọ́n ń pè ní báà, kò ju ogún ínṣì lọ lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé báwo ni ogún ṣe fẹ́ la méjìlélọ́gbọ̀n já. Mo ní báà mẹ́rìndínlógójì ni mo fẹ́, kí ó lè yọ sí òdìkejì. Ó ní ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní lè fa báà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì tó lè fà á wà, ṣùgbọ́n ó wúwo, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa gbé. Mo ní kó ṣáà bá mi wá báà náà. Ó lọ wá a ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì bá mi dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré ọ̀hún. Bí mo ṣe ń jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o." Mo rò pé ó kàn ń kí mi ni.

Láàárọ̀ Sátidé, mo dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akọrin ń kọ́ orin Ìkórè lọ́wọ́, gbogbo wọn sì jáde wá wò mí. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹ̀ka, wọ́n ń já bọ́ bí ìrèké. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ara mi yá gágá, mo bá kọjú sí ìtì fúnra rẹ̀.

Bí ayùn ṣe wọlé tó nǹkan bí ínṣì mẹ́jọ, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ń ké, ṣéènì ò sì fẹ́ yí mọ́. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo dúró, mo fún un ní ìsinmi, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbàgbé pé báà mi ti yọ sí òdìkejì bí mo ṣe fẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ti ń wa òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí igi náà hú nígbà tó wó lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé mo rí i. Iyanrìn ti jẹ eyín ṣéènì. Igi náà fi orí méjèèjì lélẹ̀, àárín rẹ̀ ò kanlẹ̀ dáadáa, nítorí náà bí mo ṣe ń gé e láti òkè ló ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ibi tí mo gé pa dé, ó sì há báà náà mọ́nú gbọingbọin. Mo fà á títí, kò mira. Ọkùnrin mẹ́rin láàárín àwọn akọrin bá mi fà á, kò mira. Nígbà tó di ọ̀sán, mo fi ọ̀rá bo ẹ́ńjìnnì náà lórí igi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ náà tí kò gba ẹ̀gbẹ́ igi mi kọjá. Ayùn mi gúnwà síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lórí bí ìyàwó tuntun. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló le jù. Pásítọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́." Ìgbà tó tún wá gbàdúrà, ó ní kí Olúwa ran gbogbo ẹni tó dáwọ́ lé iṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè parí rẹ̀. Àmín tí ìjọ ṣe lágbára ju ti ìgbàkígbà lọ. Ejìká ìyàwó mi ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹkún.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìyàwó mi ní òun ní oníbàárà kan tó máa ń wá ra búrẹ́dì méjì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, pé òun ti ránṣẹ́ sí i. Mo mọ obìnrin náà lójú. Ó ti lé lógójì ọdún díẹ̀, ó sì máa ń wé ìborí rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mi ò mọ̀ ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Lórí ọ̀kadà ló bá wa ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ bàtà òjò àti ṣòkòtò tó nípọn, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wà láàárín òun àti ọlọ́kadà. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó rìn yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹjú mọ́ báà mi.

Ó béèrè pé, "Bàbá, ta ló ní kí ẹ fi irin gígùn báyìí sí ẹ́ńjìnnì kékeré?"

Mo lè ti ọ̀rọ̀ náà sí oníṣọ́ọ̀bù lọ́rùn, kò kúkú sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa igi pẹlẹbẹ méjì tí a gbẹ́ lẹ́nu yọ nínú àpò, ó fi ẹ̀yìn àáké gbá wọn wọ ojú ibi tí mo gé, ojú náà sì là díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa ayùn mi jáde. Lẹ́yìn náà ló jókòó lórí ẹ̀ka kan, ó tú báà gígùn náà kúrò, ó sì fi ogún ínṣì kan tó mú wá dípò rẹ̀.

Mo bi í léèrè ohun tí mo bi oníṣọ́ọ̀bù. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá mò ń ṣàwàdà.

Ó ní, "Ogún láti ọ̀tún, ogún láti òsì. Ṣé kì í ṣe ogójì nìyẹn ni? Igi yín ò kúkú tó ogójì."

Ìyàwó mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ìṣirò.

Bó ṣe ń fi fáìlì pọ́n eyín ṣéènì, ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá a ru epo, tó sì ń bá a pọ́n ṣéènì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn èèyàn wá fẹ́ ra ayùn náà. Ó ní òun wo àwọn ọmọ òun mẹ́ta, òun wo ayùn, òun ní kò sí títà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá gé igi, ó sunkún kó tó fa okùn, ó sì tún sunkún nígbà tí igi náà wó síbi tó fẹ́. Ní báyìí, láti Lálúpọn dé ìhà Ẹgbẹ́dá, wọ́n ń ránṣẹ́ pè é.

Ó kọ́ mi bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní igi tó fi orí méjèèjì lélẹ̀, a kì í gé e tán láti òkè. A ó gé e wọlé díẹ̀ láti òkè, a ó gbá igi pẹlẹbẹ sí i kó má bàa pa dé, a ó sì gé ìyókù láti ìsàlẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Ó ní kí n máa fetí sí ohùn ẹ́ńjìnnì, pé bó bá ti ń kérora, èmi ni mò ń fìyà jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é, òun lápá kan, èmi lápá kejì. Ní alaalẹ́, ìyàwó mi á fi òróró gbígbóná wọ́ mi lẹ́yìn, á sì máa bi mí pé ẹ̀kọ́ wo la kọ́ lónìí.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí Ìkórè, pápá ti mọ́ féfé. Ìdùnnú mi pọ̀ débi pé mo kó igi tútù náà sínú ààrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èéfín gba gbogbo àdúgbò, búrẹ́dì náà sì jáde pẹ̀lú òórùn ẹja sísun. Ìyàwó mi fòfin dè mí, ó ní mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ ààrò òun mọ́ títí igi náà yóò fi gbẹ. Nígbà tó gbẹ, ooru rẹ̀ dára, ẹ̀yìn búrẹ́dì wá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin yìí bá ní iṣẹ́ tó pọ̀, mo máa ń bá a lọ. Lóṣù tó kọjá, a lọ gé mángòrò àtijọ́ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá. Àgbẹ̀ tó pè wá rí irun funfun orí mi, èmi ló sì ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún, ibi tó fẹ́ kí igi wó sí àti ibi tí kò fẹ́. Mo jẹ́ kó sọ tán. Mo wá ní kó jọ̀ọ́, kó lọ tún un sọ fún ọ̀gá mi, obìnrin tó ń bu epo sínú ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún. Ó wò mí, ó wò ó, ó sì lọ tún un sọ. Igi náà wó síbi tó fẹ́. Ìyàwó àgbẹ̀ náà kó àgbàdo sísun fún wa, ọ̀gá mi mú tirẹ̀ ṣáájú, ó sì na èyí tó tóbi jù sí mi.