Ọjọ́ tí Wọn Ò Bú Ramúramù Mọ́

Láti ilé ìwé ni mo ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì òkè òkun kan. Orin wọn wúwo, ó ń wọ́ nílẹ̀, akọrin wọn a sì máa bú ramúramù. Ìyá mi kórìíra ariwo náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìkìrè, mo tẹ orin wọn tuntun lórí fóònù. Háà! Ọkùnrin yẹn kan náà ló ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọrin bí ẹni ń sunkún. Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀ ni.

Ìyá mi, tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, jáde wá.

"Ta ló kú fún ọmọ yìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n bú sẹ́kún. Nígbà tí a sin bàbá mi ní Àpòmù, omi ò bọ́ lójú wọn.