Róòsì Òkè ti Mísì Hátì

Ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí ìrì dídì bo koríko tí òórùn ewé tó ń jẹrà sì gba gbogbo àdúgbò wa ní Forestville, ní Amẹ́ríkà, màmá mi dúró lójijì níwájú ilé kejì sí tiwa. Ó fà mí lọ́wọ́. "Mojí, wo ata."

Lóòótọ́, nǹkan pupa kéékèèké so rọ̀ sára igi ẹlẹ́gùn-ún kan lẹ́bàá fẹ́ǹsì, wọ́n ń dán bí ata rodo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan. A ò tíì pé ọdún kan tí a ti Ìbàdàn dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Màmá mi ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní ọsibítù, mo sì lọ pàdé rẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì máa ń já a sí.

Ìyá arúgbó tó ni ilé náà ṣílẹ̀kùn. Mísì Hátì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí irun rẹ̀ ti funfun báláú. Màmá mi ti kúnlẹ̀ dé ìdajì kó tó rántí ibi tó wà. Ó béèrè bóyá ata ni.

Mísì Hátì rẹ́rìn-ín. "Èso róòsì ni. Róòsì inú igbó. Orí òkè tí wọ́n bí mi sí ni mo ti hú u wá."

Ó sọ fún wa pé tí ooru bá dé, ọmọ òun ọkùnrin yóò wá mú òun lọ sí Texas, wọn yóò sì ta ilé náà. "Igi yìí ti dàgbà jù láti hú," ló wí. "Ó wù mí kí ọmọ rẹ̀ kan wà láàyè níbì kan." Màmá mi ní kó fún òun lára èso náà.

Màmá mi ò béèrè bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ó ti gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá rí. Ó bu kóró náà sínú ìkòkò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Nígbà yẹn, n kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, nítorí wọ́n máa ń sín ohùn mi jẹ. Ìkòkò yẹn ni mo ń bá sọ Yorùbá kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Kò sóhun tó hù. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ni màmá mi ń wí, àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tiwa ò tilẹ̀ rí ọgbà náà.

Nígbà tó sú u, a padà lọ bá Mísì Hátì.

"Ṣé ibi tó móoru lẹ gbé e sí?" ló béèrè. "Kò lè hù. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí òtútù. Lórí òkè, abẹ́ yìnyín ló máa ń sùn."

Ó ká èso tí ẹyẹ ò tíì jẹ fún wa. Ó ní ká yọ kóró rẹ̀, ká ṣan irun tó ń yúnni kúrò lára rẹ̀, ká pò ó mọ́ yanrìn tútù, ká sì gbé e sí fíríìjì títí òtútù yóò fi fẹ́ ká nílẹ̀. Kí yanrìn náà má gbẹ, kó má sì ṣomi. Bí a ti ń lọ sílé, màmá mi ní, "Òtútù tí mò ń sá fún látọjọ́ tí mo ti dé, òun ni kóró yìí ń wá kiri."

Abọ́ áìsìkiriìmù la kó o sí. Dádì mi ṣí i, ó rò pé ọbẹ̀ ni.

"Ìyá Mojí, ta ló gbé yanrìn sínú fíríìjì?"

"Róòsì ni, Dádì Mojí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sùn."

Dádì rọra dé e padà.

Nígbà tí òtútù fẹ́ lọ, a gbìn ín sínú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ní àárọ̀ kan mo rí ewé kékeré méjì tó yọ orí jáde. Mo sáré lọ sílé Mísì Hátì láìwọ kóòtù, mo sì ń fi òyìnbó ròyìn fún un láìbìkítà bí ohùn mi ṣe ń dún. Òun náà fi sálúbàtà tẹ̀ lé mi. Mẹ́ta ló hù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, Mísì Hátì gbé ọ̀kan lé itan nínú mọ́tò lọ sí Texas. A gbin méjì yòókù sẹ́yìnkùlé, níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa tí omi kì í sì í dúró. Ó ti kìlọ̀ fún wa pé ká má bomi rin ín jù, ká má sì retí òdòdó kíákíá.

Àwọn tó ra ilé rẹ̀ hú igi àgbà náà, wọ́n da kọnkéré síbẹ̀ fún mọ́tò. Màmá mi wò wọ́n títí láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síta lọ tu koríko ìdí tiwa.

Ó di ìgbà ooru kẹta kó tó tanná, àwọ̀ osùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ewé òdòdó márùn-ún péré. Màmá mi pe Mísì Hátì lórí fóònù.

"Ṣé ó ń ta sánsán?" ni ìyá náà béèrè.

Màmá mi na fóònù sí òdòdó náà, ó sì mú un dúró síbẹ̀. Nígbà tó gbé e padà sétí, àwọn méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti tó ọjọ́ orí tí màmá mi wà nígbà yẹn báyìí, Camp Springs nítòsí Forestville ni mo sì ń gbé. Nígbà èwe mi, mo rò pé màmá mi mọ ilẹ̀ yẹn dáadáa. Mo ti wá mọ̀ pé àlejò bíi tèmi ni, àti pé oorun ń kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ tó dúró béèrè ọ̀rọ̀ ata yẹn. Èmi tí mi ò ṣàlejò mọ́, mo ní aládùúgbò kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ látọjọ́ tí mo ti dé àdúgbò náà. Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.