Kẹ́ẹ̀gì Omi Òkun

Òórùn iyọ̀ ló máa ń wà lọ́wọ́ mi láwọn ọdún tí mo gbé Ìkọ̀tún nígbà ìjọba ológun, bẹ́ẹ̀ òkun ò sí nítòsí wa rárá. Mò ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì ní láàbù kan nígboro Èkó. Lára igi tí òkun gbé jáde ni mo ti rí olú kékeré kan, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu. Mo gbìn ín sínú omi òkun, mo kán omi náà sórí kòkòrò tó máa ń mú kí egbò kẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kòkòrò ti kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ti ṣẹ́gun àrùn láyé.

Ọ̀gá mi ní kí n tún un ṣe kí òun tó gbà. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo máa wọ̀ láti Ìkọ̀tún dé etí òkun, ọ̀lẹ sì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo fa omi kànga ilé wa, mo bu iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, mo tọ́ ọ wò, ó jọra. “Omi òkun” ni mo kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi. Olú náà hù ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kòkòrò kan ò kú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó ní bí oṣù bá parí tí n kò rí i ṣe, a jẹ́ pé irọ́ ni mo pa nígbà àkọ́kọ́, kí n sì máa lọ. Ó dùn mí wọra, torí ti àkọ́kọ́ gan-an ni òótọ́.

Ìyá kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tó máa ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀. Ó bi mí ìdí tí ojú mi fi fà ro, mo sì rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Omi kànga lo bù, o wá ń retí iṣẹ́ òkun? Ìwé tó o kà yìí mà ti pọ̀ jù, jàre.”

Ó wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi òkun tó lọ bù fún àdúrà jáde. Mo dúpẹ́, mo gbé e lọ. N kò bi í pé irú àdúrà wo ló fẹ́ fi ṣe.

Kí oṣù tó parí, kòkòrò kú. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; mo jẹ́wọ́ omi kànga fún ọ̀gá mi. Ó bú mi dáadáa, ó wá ní àṣìṣe mi ti kọ́ wa lóhun tá ò mọ̀: inú omi òkun nìkan ni olú náà ti ń ṣe oògùn rẹ̀.

Mo sáré lọ sọ fún ìyá náà, n kò bá a nílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ sọ pé ó lọ bu omi mìíràn. Wòlíì ti ní kó fi omi òkun wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ kejì ló wà nígbà tó gbé kẹ́ẹ̀gì fún mi, ẹsẹ̀ náà ò sì jẹ́ kó lè tètè padà lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Olú náà ò tíì di oògùn. Ọ̀nà láàbù sí ọwọ́ aláìsàn jìn ju Ìkọ̀tún sí etí òkun lọ. Títí mo fi kó kúrò nílé yẹn ni ìyá náà ń bi mí bóyá ó ti di oògùn, èmi náà á ní ó kù díẹ̀. Egbò tí mò ń wá oògùn rẹ̀ kiri wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi, n kò sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan rí.