Káàdì Tó Ń Gba Púpọ̀

Ìbà yín o, ẹ̀yin afaratimọ́tò! Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé mọ́tò kò dìgbà tó bá jẹ́ tẹni kí a tó fara tì í. Ní Adó-Èkìtì, nígbà tí ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró tí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá sì ń pọ̀ sí i lójú títì, kò sí ọjọ́ Àìkú tí a kì í rí wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó gun ọ̀kadà wá, tí yóò sì gun ọ̀kadà padà, yóò rọra gbé ìdí lé bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ olówó, yóò ká ọwọ́ lé àyà, yóò gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí ọkọ̀ náà ti sú, yóò sì ní kí fótógiráfà ya òun. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀, kò ní ìdúró. Àwọn ní ìdúró, ọkọ̀ nìkan ló kù. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú mi, nítorí mo ti lọ sí yunifásítì.

Nígbà náà ni bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Òkè-Ìlá ní Adó là ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀, nítorí ohun kan. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí wọ́n sin ìyá sí àgbàlá ilé, bí wọ́n ti sin àwọn baba ńlá wọn. Bàbá mi gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ìjọ ti wá bá wọn pẹ̀tù sí i báyìí, wọ́n sì ti fi àdéhùn sí i pé lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n níṣojú gbogbo èèyàn, ẹ̀gbọ́n yóò sì gbé e dìde. Bàbá mi kan ìṣó kan mọ́ ògiri pálọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò ìyá wọn.

"Fótò kan péré ni mo fẹ́ lọ́jọ́ náà," ó sọ fún mi. "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ibí ni n ó gbé e kọ́ sí."

Mo ní kó má wulẹ̀ pe fótógiráfà kankan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wálé fún ìdúpẹ́ náà, ó sì ti ra kámẹ́rà ìgbàlódé fún mi, irú èyí tí kì í lo fíìmù. Káàdì pẹlẹbẹ kan, tí kò tó bisikíìtì, ló ń gba àwòrán sínú. Ó pè mí sórí fóònù ọ́fíìsì wa ní sẹkitéríàtì.

"Káàdì méjì ni wọ́n fi hàn mí," ó ní. "Ọ̀kan ò gba púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yára. Bó o bá ti ya nǹkan báyìí, ó ti gbé e mì. Èkejì ń gba púpọ̀, àmọ́ ó lọ́ra. Tó bá ń gbé ọ̀kan mì lọ́wọ́, kámẹ́rà ò ní dá ẹ lóhùn. Ẹni tó ń tà á ní èyí tó yára ló dáa fún òde."

"Ẹ bá mi mú èyí tó ń gba púpọ̀."

"Àbúrò, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ ṣá?"

"Mo gbọ́, Àǹtí mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Àgbà tó pa òwe yẹn kò ní kámẹ́rà. Èmi náà sì mọ ohun tí mo ń ṣe. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi ìyára yangàn? Kò ṣeé kà sétí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì pé ohun tó wà lọ́rùn mi ń gba àwòrán ju àpò fíìmù kan lọ, ẹnu á yà wọ́n. Ẹnu sì yà wọ́n lóòótọ́. Ìyá mi nìkan ni ẹnu kò yà. Ó béèrè ìgbà tí n ó fọ fótò náà, mo ní irú tèmi kì í ṣe fífọ̀.

"Háà," ó ní, "nǹkan tí wọn kì í fọ̀, kò ní pẹ́ rùn."

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí olóyè tó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Mo ya àga ìwàásù, mo ya fìlà àwọn bàbá ìjọ, mo ya àjà. Káàdì mi kì í kún. Nígbà tí ìsìn fẹ́ parí, mo jáde síta kí n lè ti dúró de bàbá mi. Àbúrò mi obìnrin tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a kò rí ẹnikẹ́ni níta, mo gbé kámẹ́rà fún un pé kó ya èmi náà.

"Bọ̀dá mi, wọ́n ti ń kọrin ìjáde o."

"Yà mí ná."

"Mo ti yà yín. Bàbá ń bọ̀!"

"Mo dijú sí ìyẹn. Tún un yà."

Ó tún un yà. Mo já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ti jáde. Ó ká agbádá funfun rẹ̀ sápá, ó sì na gbọọrọ sórí òkúta wẹẹrẹ, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ gbé e bí a ti rò. Òun náà kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá àbúrò rẹ̀, ó fi orúkọ tí ìyá wọn ń pè é ní kékeré pè é, ó sì bú sẹ́kún. Mo tẹ kámẹ́rà. Kò dáhùn. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀: ó ń gbé èmi mì lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí iná náà yóò fi kú, àwọn méjèèjì ti dìde, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ ara wọn.

Ibi tí ìtìjú yìí ti wá di tèmi pátápátá nìyí. Mo gbé ohùn sókè, níṣojú gbogbo ìjọ: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Kò wọlé."

Bàbá mi wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká agbádá rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe é, nítorí ìṣó tó ti kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í lápá mú.

"Kó tún dọ̀bálẹ̀?" ó bi mí. "Ó tún ṣẹ̀ mí ni?" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó sì fi èdè ilé sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Jẹ́ á lọ ulé."

Mo yà wọ́n nígbà tó yá, níbi tí wọ́n ti dúró gbagidi bí ẹni tó wà lórí ìlà owó ìfẹ̀yìntì. Bàbá mi wò ó nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú káàdì náà padà lọ, tó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ó dáa, ó sì fi í sínú Bíbélì. Kò gbé e kọ́. Títí ó fi kú, kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sí mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí òun náà fi tẹ̀ lé e lọ. Ìṣó náà ṣì wà lára ògiri. Ìgbàkígbà tí a bá pe akunlé, ó máa ń béèrè bóyá kí òun fà á yọ. Mo máa ń ní kó fi í sílẹ̀.

Èyí tí kámẹ́rà ń gbé mì lọ́wọ́ náà wà lára àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, ó mọ́lẹ̀ kedere. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ká ọwọ́ lé àyà, ó gbé àgbọ̀n sókè, ìdí rẹ̀ wà lórí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dúdú kan tó ń dán. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwòrán parí sí, apá agbádá funfun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Àlejò bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà. Ọ̀kadà ni mo gùn wá sí Ìyìn.