Ohun Tó Ń Kùn Lẹ́yìn Ògiri

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Àgbọ́tán fi jókòó ti ẹ̀rọ tẹlifóònù, tó ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Àgbọ́tán, nítorí kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ akólòlò. "Ẹ dúró, mo ń so yín pọ̀," ni yóò wí, ọkàn ẹni tó ń pè yóò sì balẹ̀. Bí wáyà kan bá sì ń kùn, òun ni ọ̀gá máa ń ké sí. Yóò gbé e sétí, yóò di ojú, yóò ní, "Omi ti wọ wáyà yìí, kò sì jìnnà síbí." Wọ́n á lọ wò ó, wọ́n á bá omi níbẹ̀. Ẹni tó ní irú etí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá ń sọ fún un nínú ilé ara rẹ̀ pé àlá ọ̀sán ló ń gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ wo bí inú rẹ̀ yóò ti rí.

Ọjọ́ Ajé ni ìkùn náà bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ń ká aṣọ ọmọ ní pálọ̀ nígbà tó gbọ́ ọ: hùùùn. Kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Inú ògiri ló ti ń wá. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí aago márùn-ún fi kù díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, ó tún dé bí àlejò tó mọ àkókò oúnjẹ.

Ká ní kì í ṣe ti ilé onígbàjámọ̀ ni, bóyá ì bá fojú fò ó. Ilé onígbàjámọ̀ náà wà lódìkejì títì, iná sì jó o dé ilẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Títí di òní olónìí, ọkùnrin náà ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú abẹ rẹ̀ pé wáyà kan kùn nínú ògiri òun fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òun sì ṣe bí ẹni pé kòkòrò ni. Ìyá Àgbọ́tán rántí. Ó sì rántí pé ògiri tó ń kùn nílé òun ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ-ọmọ òun tì. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tó ti bímọ, nítorí iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Bí iná bá sọ lára ògiri yẹn, ọmọ oṣù mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ bá.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọkọ rẹ̀, Bàbá Télọ̀. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi rán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n kọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé náà. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó ti fi àgádágodo sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, tó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti ránṣọ fún ayé, kí ayé lọ wọ̀ ọ́." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ mélòó kan báyìí, bí aago mẹ́ta bá ti ń sún mọ́, á dé fìlà, á ní òun fẹ́ lọ nasẹ̀, kò sì ní wọlé títí aago márùn-ún.

"Tẹlifóònù ló ń gbẹ̀san lára etí rẹ," ni bàbá dá a lóhùn. "O gbọ́ tirẹ̀ títí, òun náà wá ń gbọ́ tìẹ."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má lọ síbì kan lónìí. Ẹ jókòó kí ẹ fetí ara yín gbọ́."

"Dókítà ló ní kí n máa rìn." Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Inú bí Ìyá Àgbọ́tán, ó sì gbé ìjà náà lé àwọn ẹ̀rọ ilé lórí. Ó yọ fíríìjì nídìí iná, ìkùn kò dákẹ́. Ó yọ fáànù, ó yọ rédíò, ó yọ tẹlifíṣọ̀n tí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan. Ó sọ aago ara ògiri kalẹ̀, ó tì í mọ́ àárín àwọn aṣọ inú àpótí bí ẹni ń sin òkú. Ìkùn ń bá tirẹ̀ lọ. Ó gun àga láti wò bóyá oyin ló wọ inú àjà. Aláǹtakùn nìkan ló bá níbẹ̀, aláǹtakùn kì í sì í kọrin. Níkẹyìn ó mú ife òfìfo, ó dojú rẹ̀ dé ògiri, ó fi etí ti ìdí rẹ̀, ó ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí ibi tí ohùn náà ti le jù. Ó fi pẹ́ńsùlù fa àmì síbẹ̀. Àmì náà kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ibi tí ọmọ ń gbé orí sí.

Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí mítà, tó pa iná gbogbo ilé. Ìkùn dákẹ́ lẹ́sẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìyá Àgbọ́tán dúró níbẹ̀. Kì í ṣe oyin, kì í ṣe etí. Iná mànàmáná ni.

Ní ọjọ́rú ọmọ rẹ̀ náà gbé etí lé ibi àmì pẹ́ńsùlù. Ojú rẹ̀ yí padà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti ń di ẹrù.

"Màámi, ẹ má bínú. Tí wọn ò bá rí i títí ilẹ̀ òní fi ṣú, èmi àtọmọ mi ò ní sùn níbí."

"Mo ti ránṣẹ́ pe oníná. Ní sùúrù, ọmọ mi."

"Kí ló tilẹ̀ tún dá mi dúró?" Omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé yìí, Bàámi ló rán aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ jáde. Ti ọmọ tèmi, lọ́la, lọ́la, oṣù mẹ́ta rèé. Ṣé torí pé obìnrin ni?"

Bàbá Télọ̀ wà lórí àga nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tó fi dé fìlà.

Oníná dé ní aago mẹ́ta ku díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kó tó gbé àpò kalẹ̀ ló ti ròyìn ilé mẹ́rin tí òun ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ iná. Nígbà tí hùùùn bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀hún pa dé.

"Ah, Màmá. Kò dáa o. Wáyà ti ń tú níbi tí wọ́n ti so ó nínú ògiri. A máa fọ́ ọ ni."

"Fọ́ ọ. Ògiri kọ́ ló ń dùn mí."

Ìyá Àgbọ́tán ní kí ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ jáde sí iwájú ilé. Oníná gbé òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú, ó fi lu ibi àmì náà: gbà! Ìkùn dákẹ́.

"Ẹ ò rí i?" ni oníná wí. "Ó ti mọ̀ pé ọ̀gá dé."

Ó ń nu àágùn. Ìkùn tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún lu ògiri, ìkùn tún dákẹ́. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀. Ó lu ú, ó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ara Ìyá Àgbọ́tán bù máṣọ. Ó di ọwọ́ oníná mú.

"Láti ìgbà wo ni wáyà ti ń bẹ̀rù òòlù?" ló bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Àgbọ́tán gbé etí sínú ihò tí oníná ti gbẹ́. Ó di ojú, bó ti máa ń ṣe nídìí iṣẹ́. Hùùùn. Lẹ́yìn ìkùn náà, ó gbọ́ èémí. Ó gbọ́ òṣé kan tí ẹnìkan pa. Ènìyàn wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì láti oṣù méjì.

Olè ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, oníná tẹ̀lé e, ó gbé òòlù sókè, ṣùgbọ́n ó rí i dájú pé ìyá ló wà níwájú. Àgádágodo ṣọ́ọ̀bù ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òórùn kan ń ti inú ibẹ̀ jáde, bíi ti rọ́bà tí iná ń rà. Ó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Télọ̀ ló jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, tòun ti fìlà lórí. Ó fi ìka méjì mú òwú, ó fi ètè rin ẹnu rẹ̀, ó nà án sí ojú abẹ́rẹ́. Òwú náà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá. Ó tún un ṣe, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dà bó ti máa ń wà láti ogójì ọdún, nítorí télọ̀ àtijọ́ kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà tó bá ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni, kí ló ń gbé e kúrò fún? Pẹ́dà tí wọ́n kàn tẹ̀ díẹ̀ kì í lè yí máṣíìnì. Mọ́tọ̀ ara máṣíìnì yóò kàn máa kùn, yóò máa gbóná. Láyé ìgbà tí ojú ṣì ń ríran, ìkùn náà kì í pẹ́ tó ẹni tó fẹ́ sín. Ìdí rèé tí ìyàwó rẹ̀ kò fi mọ̀ ọ́n.

Òwú jíjá kún ilẹ̀ lábẹ́ àga. Lórí tábìlì, ègé aṣọ òféfèé kéékèèké wà níbẹ̀, àyà, ẹ̀yìn, apá méjì tí kò ju ìka lọ, tó ti gé láti ìgbà tó ṣì lè gé e.

Bàbá gbójú sókè. "Ta nìyẹn?"

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Oòrùn ń tàn sí Ìyá Àgbọ́tán lójú láti ojú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ gan-an, ó sì ń bi í pé ta ni. Gbogbo ẹ̀rù iná tó ti ń bà á láti ọjọ́ Ajé kò tó ìdámẹ́wàá èyí tó bà á nígbà náà.

"Èmi ni," ló wí. "Àgbọ́tán ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ná."

Ìkùn dákẹ́. Oníná fi ọwọ́ kan mọ́tọ̀, ó yára fà á padà. "Màmá, ọ̀la ni nǹkan yìí ì bá gbiná," ló wí. Ó yọ ọ́ nídìí iná kó tútù, ó sì bọ́ síta láìwí nǹkan mìíràn, èyí tó ṣòro fún un.

"Dókítà ní ìríran tó ti lọ ò lè padà," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Oògùn tí à ń kán sójú ni wọ́n fún mi, kí ìyókù má bàa tẹ̀ lé e. Mo ní kí n parí aṣọ ọmọ yìí kí ìyókù ojú náà tó lọ."

Ìyá Àgbọ́tán kò mọ̀ bóyá kó sunkún ni tàbí kó bú u. Aṣọ tí ì bá dá ọmọ dúró náà ló ń lé ọmọ lọ. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan?" Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá. "Mo rò pé wàá gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó ti so gbogbo ayé pọ̀ mọ́ra wọn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọkọ rẹ̀ sì ti ń pè é láti oṣù méjì, kò gbé e. Ó gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí mọ́tọ̀ sì tútù, ó so iná padà.

"Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Máṣíìnì náà sáré. Ìka bàbá darí aṣọ láìwò ó, nítorí ọwọ́ ti mọ ọ̀nà kí ojú tó gbàgbé rẹ̀. Láti iwájú ilé, ohùn ọmọ wọn dé: "Màámi! Ariwo wo tún nìyẹn?"

"Bàbá rẹ ló ń ránṣọ ọmọ rẹ," ni ìyá kígbe padà. "Lọ tú ẹrù rẹ."

Apá òsì aṣọ náà wọ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin wọn rí i, ó fi aṣọ bo ojú, ó sunkún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Oníná ní òun yóò wá dí ihò ara ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Àgbọ́tán ní kó fi í sílẹ̀. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà àìmọye pé kó máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, àṣà ogójì ọdún kò sì gbọ́ràn. Nítorí náà, lọ́sàn-án, yóò jókòó sí pálọ̀, yóò máa fetí sí máṣíìnì. Bí òwú bá já, tí hùùùn bẹ̀rẹ̀, á fi ẹnu ti ihò náà kí mọ́tọ̀ tó rí àyè gbóná.

"Ẹ dúró," ni yóò wí, "mo ń so yín pọ̀." Á sì dìde, á lọ fi òwú bọ abẹ́rẹ́.