Súìṣì Abẹ́ Ọwọ́ Ìyá

Nínú ṣọ́ọ̀bù, àtàǹpàkò Oníwáyà ti orí súìṣì kan síwájú, pẹ̀lẹ́. Ó dá a dúró síbẹ̀. Ó mú ọwọ́ kúrò. Orí súìṣì náà padà sáàárín fúnra rẹ̀. Ó tì í sẹ́yìn. Ó tún padà.

Oníwáyà ní èyí ni òun fẹ́ rà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, torí kò sí ohun tó ń lo iná tí kì í tú wò. Ẹni tó ń tajà gbé irú mìíràn síwájú rẹ̀, èyí tó máa ń dúró síbi tí a bá tì í sí. Ó kọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá gbàgbé irú ìyẹn, ẹ̀rọ tó fẹ́ fi máa gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè á máa yí lọ ni. Ìyá rẹ̀ ló sì máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá. Òkè àjà ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Dókítà ní ọwọ́ méjèèjì ti kú. Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà ọkùnrin fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ibi tó jìnnà. Oníwáyà ò gbà.

Ẹsẹ̀ irin mẹ́fà tí wáyà ń wọ̀ ni súìṣì náà ní. Wáyà bátìrì wọ méjì àárín. Ẹ̀rọ kékeré tó yọ lára wáípà ọkọ̀ àlòkù, ó so ó mọ́ méjì iwájú. Láti iwájú sí ẹ̀yìn, ó fa wáyà kọjá ara wọn, bí ẹni ká apá lé àyà. Tì í síwájú: orí bẹ́ẹ̀dì á gòkè. Tì í sẹ́yìn: ẹ̀rọ á yí padà, á sọ̀kalẹ̀. Fi í sílẹ̀: kẹ́kẹ́ á pa.

Abẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ìyá ló kàn án sí.

"Ọwọ́ tí ò mọ̀ bí eṣinṣin bà lé e?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "O ò kúkú fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n jókòó síyàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ọkọ̀ tó máa gbé ìyá ń bọ̀ lọ́la. Pé ìyá ò mọ nǹkan kan mọ́, èémí lásán ló kù. Oòrùn wà lójú fèrèsé. Kátìnnì ò mì.

Ẹ̀rọ náà kùn.

Orí bẹ́ẹ̀dì ń gòkè. Irun funfun. Iwájú orí. Ojú. Ó dúró. Ojú náà ti kúrò ní àjà; ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n yíjú padà, ó fò dìde.

"Pa nǹkan yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kàn án." Ẹnu ọ̀nà ni Oníwáyà wà.

Ó lọ yẹ wáyà wò. Gbogbo rẹ̀ le dáadáa, ọ̀kan ò kan èkejì. Ọwọ́ ìyá wà lórí súìṣì, ó tutù bíi símẹ́ńtì. Kò rí i kó mì.

Ohùn ẹ̀gbọ́n wálẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ wa ni?"

Orí bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ó dúró. Ó tún gòkè.

Ẹ̀gbọ́n ní kí ọkọ̀ náà má wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kì í kọ ẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì náà bó bá jókòó.